Ta Ló Gba Awakọ̀ Bàálù Rẹ Síṣẹ́?

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n kùn sára bàálù lè má jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ tó ń san owó oṣù fún ẹni tó ń wà á? Ó dà bí àwọn aṣọ tí wọ́n ń tú lẹ́rù ní ọjà Aswani l'Ékòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: orúkọ tó wà lọ́rùn aṣọ kọ́ ni orúkọ ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ tó rán an.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Aswani gan-an. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed kò jìnnà síbẹ̀. Ní Ìsọlọ̀, ní Àjàò Estate, ní Máfolúkù, ariwo bàálù ni wọ́n fi ń jí, òun náà ni wọ́n fi ń sùn. Àwọn tó ń di ẹrù sínú bàálù, àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, púpọ̀ nínú wọn ló ń gbé ládùúgbò wọ̀nyí. Àwọn ọmọ tó fẹ́ di awakọ̀ bàálù náà wà níbẹ̀. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá wọ Delta láti Èkó dé Atlanta, tí o sì fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ sí ìlú kékeré kan, bàálù kejì tí o máa wọ̀ lè ní orúkọ Delta lára, kí awakọ̀ rẹ̀ má sì jẹ́ òṣìṣẹ́ Delta? “Delta Connection” ni wọ́n máa ń kọ sí i. SkyWest lè jẹ́ ẹni tó ń wà á, tàbí Republic, tàbí Endeavor. Endeavor yìí, Delta gan-an ló ni ín, síbẹ̀ ìwé àdéhùn iṣẹ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn awakọ̀ Delta.

SkyWest, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní St. George, ìpínlẹ̀ Utah, ń fò fún Delta, ó ń fò fún United, ó ń fò fún American, ó ń fò fún Alaska. Iléeṣẹ́ mẹ́rin tó ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, alágbàṣe kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Ṣé o mọ̀ pé Orí Kìíní nínú ìwé àdéhùn àwọn awakọ̀ Delta, United àti American kì í ṣe orí owó? Scope ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n tó kọ iye tí ọ̀gá awakọ̀ máa gbà ní wákàtí kan, wọ́n á kọ́kọ́ kọ ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀. Kókó rẹ̀ rèé: gbogbo ìrìnnà tí iléeṣẹ́ bá fi orúkọ ara rẹ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, awakọ̀ tó wà nínú ìwé orúkọ iléeṣẹ́ náà ni kó wà á, àyàfi èyí tí àwọn méjèèjì bá jọ fẹnu kò lé lórí láti yọ sílẹ̀. Ìdí “àyàfi” yẹn ni gbogbo ìjà wà.

Kí ni wọ́n yọ sílẹ̀? Bàálù kékeré. Èyí tí iléeṣẹ́ ńlá bá gbé fún alágbàṣe kò gbọdọ̀ ní ju ìjókòó 76 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju 86,000 pọ́ùn lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ìyẹn nǹkan bíi 39,000 kílò. Iye irú bàálù bẹ́ẹ̀ tí alágbàṣe lè ní náà ní òdiwọ̀n. Ní 2012, Delta rí àyè gbà láti fi kún àwọn bàálù ìjókòó 76 tó wà lọ́wọ́ àwọn alágbàṣe rẹ̀. Ohun tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ gbà dípò ni pé Boeing 717 bíi 88 ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn, àti pé àwọn bàálù ìjókòó 50 tó pọ̀ lọ jàra lọ́wọ́ alágbàṣe yóò dín kù. Wọ́n fún ni, wọ́n sì gbà. Ìjókòó yíyí tábìlì ká bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn awakọ̀ tiwa náà rí.

Ṣé o mọ̀ pé bàálù Embraer 175 lè gba èrò 88, ṣùgbọ́n 76 péré ni wọ́n máa ń kó sínú rẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta yẹn? Ojú ìwé kan nínú àdéhùn àwọn awakọ̀ ló kó ìjókòó méjìlá kúrò.

United tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè tó ní fún bàálù ìjókòó 70 àti 76 ti kún, àmọ́ àyè ṣì wà fún ìjókòó 50. Ní 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo bàálù kan tí wọ́n ń pè ní CRJ-550. Ara bàálù ìjókòó 70 ni. Wọ́n yọ ogún ìjókòó kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi ibi ìkẹ́rùsí ńlá síbẹ̀, wọ́n sì fi ìjókòó mẹ́wàá ṣe ti àwọn olówó níwájú. Èrò tó bá jókòó síbẹ̀ tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ, ìwé àdéhùn ló na ẹsẹ̀ lé.

Ṣé o mọ̀ pé ojú ìwé yìí kan náà ti dá iṣẹ́ dúró ní ilẹ̀ Bràsíìlì, tó sì wà lára ohun tó kó bá ti Jàpáánì? Embraer kọ́ bàálù tuntun kan, E175-E2, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í jẹ epo tó ti àtijọ́. Ó kọ́kọ́ fò ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tuntun náà wúwo, bàálù náà sì kọjá 86,000 pọ́ùn. Àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ò yí òdiwọ̀n wọn padà, Embraer sì ní láti dá ètò náà dúró. Àwọn Mitsubishi ní Jàpáánì náà bọ́ sínú irú rẹ̀: bàálù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wúwo jù fún òdiwọ̀n náà, wọ́n wá fẹ́ ṣe òmíràn tó máa bá a mu. Ìṣòro mìíràn náà pọ̀ lọ́rùn wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2023, wọ́n pa gbogbo ètò náà tì pátápátá.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ní 1978, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ọjà òfuurufú sílẹ̀: iléeṣẹ́ lè fò síbi tó bá wù ú, kó sì gba iye tó bá wù ú. Àwọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn kékeré ní orúkọ wọn láti máa fi kó èrò wá láti ìlú kéékèèké. Bàálù kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń lò nígbà náà, kò sì sí awakọ̀ ńlá kan tó ka ìyẹn sí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, bàálù jẹ́ẹ̀tì ìjókòó 50 dé, ó sì ń fò jìnnà. Ìgbà yẹn ni ojú là.

Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án 2001, àwọn iléeṣẹ́ ńlá wọ gbèsè. United lọ sílé ẹjọ́ onígbèsè ní 2002, Delta àti Northwest ní 2005, American ní 2011. Ilé ẹjọ́ yẹn ni wọ́n ti tú àdéhùn wò, ibẹ̀ sì ni ìjókòó 50 ti di 70, tí 70 di 76. Awakọ̀ tó ń bẹ̀rù pé òun á pàdánù iṣẹ́ lápapọ̀ máa ń fọwọ́ sí ohun tí kò bá má fọwọ́ sí.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn awakọ̀ alágbàṣe náà kò dákẹ́? Ní 2001, àwọn awakọ̀ Comair, tó ń fò fún Delta, yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 89. Owó oṣù wọn gbéra. Ní 2012, Delta ti ilẹ̀kùn Comair pa.

Ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 2009. Bàálù kan tí orúkọ Continental Connection wà lára rẹ̀ já lulẹ̀ nítòsí ìlú Buffalo. Gbogbo èèyàn 49 tó wà nínú rẹ̀ kú, ẹnì kan tó wà nínú ilé tó já lé náà kú. Colgan Air ló ń wà á, kì í ṣe Continental. Ìwádìí fi hàn pé nígbà tí ẹ̀rọ kìlọ̀ fún ọ̀gá awakọ̀ pé eré bàálù ti lọ sílẹ̀ jù, ohun tó ṣe kọ́ ló yẹ kó ṣe. Igbákejì rẹ̀ ti wọ bàálù mìíràn lóru láti Seattle, ní òdìkejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó tó dé ẹnu iṣẹ́. Àwọn ẹbí òkú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Òfin tuntun jáde ní 2010. Láti 2013, ẹni tó bá fẹ́ wa bàálù akérò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ igbákejì, gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 1,500, àyàfi àwọn díẹ̀ bí awakọ̀ ológun. Òfin náà sì pàṣẹ pé kí wọ́n sọ fún oníbàárà, níbi tó ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó máa wa bàálù náà gan-an.

Mi ò sọ pé alágbàṣe ò mọ iṣẹ́. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ni wọ́n ń gbé gúnlẹ̀ láyọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó wà á máa ń pín ẹ̀bi lọ́wọ́ ara wọn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àdéhùn awakọ̀ Amẹ́ríkà kì í parí? Òfin òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n ṣe ní 1926 ni wọ́n fi kan ọkọ̀ òfuurufú láti 1936. Bí ọjọ́ àdéhùn bá tilẹ̀ kọjá, ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì dúró títí wọn yóò fi fọwọ́ sí tuntun. Ìdí nìyẹn tí òdiwọ̀n 76 fi le bí àpáta.

Ká kọjá sí ibòmíràn díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, àwọn awakọ̀ Air France yanṣẹ́ lódì fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé iléeṣẹ́ náà fẹ́ ti ìrìnnà púpọ̀ sọ́dọ̀ Transavia, ọmọ iléeṣẹ́ rẹ̀ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú. Ní Ọsirélíà, awakọ̀ Qantas ní kí ẹnikẹ́ni tó bá wa ìrìnnà tí àmì Qantas wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa gba irú owó tí àwọn ń gbà. Ìjà náà dàpọ̀ mọ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn, títí ọ̀gá Qantas, Alan Joyce, fi dá gbogbo bàálù iléeṣẹ́ náà dúró ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2011, kárí ayé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù British Airways yanṣẹ́ lódì lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ náà háyà bàálù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ Qatar Airways, tòun ti awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ìyanṣẹ́lódì di asán nìyẹn.

Háyà tòun ti awakọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti ní iléeṣẹ́ bàálù tiwa ni ẹlòmíràn ti ń bá wa fò? Oṣù kẹwàá ọdún 1958 ni WAAC Nigeria, tó wá di Nigeria Airways, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìrìnnà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù wà lórúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bàálù BOAC, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń háyà fún un.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà. Ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1991, nílùú Jeddah. Bàálù DC-8 kan fẹ́ gbé àwọn arìnrìn-àjò Hájì padà sí Sókótó. Lórí ìwé, ìrìnnà Nigeria Airways ni. Àmọ́ Nationair ti ilẹ̀ Kánádà ló ni bàálù náà, Kánádà náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá inú rẹ̀ ti wá. Afẹ́fẹ́ inú táyà kò pé. Àwọn kan lára òṣìṣẹ́ Nationair ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ṣùgbọ́n ètò ìrìnnà ti ń falẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kó falẹ̀ sí i. Bí bàálù náà ṣe ń sáré láti gbéra, táyà bẹ́, iná mú, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ bàálù tó ń jó wọ inú rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti padà. Èèyàn 261 ló kú, 247 nínú wọn jẹ́ èrò.

Orúkọ wa ló wà lórí ìrìnnà yẹn títí dòní. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìtàn ìjàǹbá bàálù lágbàáyé, “Nigeria Airways” ni yóò rí. Àwọn tó pinnu pé kí wọ́n fi táyà yẹn gbéra, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ Nigeria Airways. Nationair fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 1993, tiwa náà tẹ̀ lé e ní 2003.

Ṣé o mọ̀ nípa àwọn tó ń lọ sí Àbújá tí wọ́n bá ara wọn ní Asaba? Ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni. Bàálù United Nigeria gbéra l'Ékòó, wọ́n sì kí àwọn èrò káàbọ̀ sí Àbújá nígbà tó balẹ̀. Asaba ni wọ́n wà. Bàálù Airbus tí wọ́n háyà tòun ti awakọ̀ láti òkè òkun ni. NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú, dá iṣẹ́ bàálù tí wọ́n háyà náà dúró.

Oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, bàálù kan balẹ̀ sí Àbújá, “Nigeria Air” gàdàgbà lára rẹ̀. Bàálù Ethiopian Airlines ni, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tuntun. Kò pẹ́ tó fi padà síbi tó ti wá. Nínú ètò náà, Ethiopian ni yóò ní ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù abẹ́lé ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó láti 2022. Mínísítà ìrìnnà òfuurufú, Festus Keyamo, ló dá ètò náà dúró nígbà tó dé orí oyè.

Ó yẹ kí n sọ ẹjọ́ apá kejì náà. ASKY, tó fi Lomé ṣe ibùdó, bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní oṣù kíní ọdún 2010 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ethiopian yìí kan náà, ó sì ṣì ń fò. Iléeṣẹ́ tí kò ní awakọ̀ tó mọ irú bàálù kan lè háyà fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn tirẹ̀ fi kọ́ṣẹ́. Ìgbà díẹ̀ yẹn ló gbọ́dọ̀ ní òpin, kí òpin náà sì wà lákọsílẹ̀.

Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ti wa? NAAPE ni ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àti ẹnjinníà bàálù ní Nàìjíríà, wọ́n sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pariwo nípa àwọn àjèjì tí wọ́n ń gbà sípò tí ọmọ ilẹ̀ yìí lè dì mú. Ṣùgbọ́n òfin NCAA àti ìwé àṣẹ ìjọba ni wọ́n ń gbára lé jù. Ọwọ́ mínísítà nìyẹn wà. Bí mínísítà bá yí padà, òfin náà lè yí padà. Àdéhùn tí awakọ̀ àti iléeṣẹ́ rẹ̀ jọ fọwọ́ sí yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ohun ìjà wọn sì ti dín kù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, iléeṣẹ́ Bristow dá awakọ̀ àti ẹnjinníà tó lé ní ọgọ́rùn-ún dúró níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àwọn òfin òfuurufú tuntun tó ka iṣẹ́ ìrìnnà òfuurufú sí iṣẹ́ kòṣeémánìí, tó sì fún mínísítà láṣẹ láti ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pápákọ̀ takò ó. Mo wà lẹ́yìn wọn: ẹgbẹ́ tí kò lè dá iṣẹ́ dúró kò lè gba Orí Kìíní lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣé o mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ wà nínú rẹ̀? Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lábẹ́ àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Cape Town, èyí tó fi àwọn tó ń yáni ní bàálù lọ́kàn balẹ̀ pé wọ́n lè gba ohun ìní wọn padà bí ẹni tó yá a kò bá san owó. Kí ìyẹn tó wáyé, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti gbé bàálù lásán fún iléeṣẹ́ Nàìjíríà. Wọ́n á ní àfi kí awakọ̀ tàwọn bá a wá. Bí bàálù lásán bá ń wọlé, awakọ̀ ibí ló máa wà á. Ìwé ilé ẹjọ́ kan lè fa iṣẹ́ wá fún ọmọ tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ ní Zaria, tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti 1964.

Air Peace náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìrìnnà Èkó sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2024, bàálù Boeing 777 tirẹ̀ ló gbé lọ.

Èyí tó kẹ́yìn, o lè fojú ara rẹ wò ó lọ́jọ́ tí o bá tún dé pápákọ̀. Gbogbo bàálù ló ní àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, nítòsí ìrù, bí nọ́ńbà ọkọ̀. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, 5N ló fi ń bẹ̀rẹ̀. ET ni ti Etiópíà, LY ni ti Lithuania, YL ni ti Latvia, YU ni ti Serbia. Bí orúkọ iléeṣẹ́ Nàìjíríà bá wà lára bàálù, tí àmì ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀ mìíràn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n háyà rẹ̀ tòun ti awakọ̀. Béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà pé ta ló ń wà á lónìí. Ìwọ lo san owó tíkẹ́ẹ̀tì.